Bí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré ṣe lè mú kí orí òṣìṣẹ́ yá: ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní Abẹ́òkúta

Bí ẹ bá ní ibùdó aláró ní Ìtòkú, búkà ní Pánṣẹ́kẹ́, ilé búrẹ́dì ní Aṣẹ́rò tàbí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù ní Ọbáńtokò, tí òṣìṣẹ́ yín wà láàárín mẹ́ta sí ogún, ẹ̀yin la kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ẹjọ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń rò kò yàtọ̀ síra: òṣìṣẹ́ ń pẹ́ dé, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú, bí ọ̀gá bá sì ti kẹ́yìn báyìí, fóònù ló kù. Kò pẹ́, ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, ó ti gba Èkó lọ.

Ọ̀gá á wá ra ìrẹsì ọdún fún wọn, á rán aṣọ ẹgbẹ́jọdá, á sọ̀rọ̀ ìwúrí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, síbẹ̀ nǹkan ò yí padà. Ohun tó ń pa ọkàn òṣìṣẹ́ kì í sábà jẹ́ àìrí ẹ̀bùn gbà. Àìdánilójú ni. Kò mọ ọjọ́ tí owó máa wọlé, kò mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí ibi tó parí sí, kò mọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá máa sọ sí i lójú oníbàárà lónìí. Ní 1959, Frederick Herzberg, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí tó ṣe láàárín àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó ní Pittsburgh jáde. Ó rí i pé ohun tó ń bí òṣìṣẹ́ nínú yàtọ̀ sí ohun tó ń mú orí rẹ̀ yá. Owó, ìlànà ilé-iṣẹ́, ìwà ọ̀gá àti ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ló wà ní apá kìíní. Àṣeyọrí, ìyìn, iṣẹ́ tó ní láárí àti ìtẹ̀síwájú ló wà ní apá kejì. Bí ẹ bá tún apá kìíní ṣe, ìbínú á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tíì mú orí yá. Bí ẹ bá sì fo apá kìíní, ìyìn tí ẹ bá ń yin òṣìṣẹ́ á dà bí ẹ̀tàn létí rẹ̀. Nítorí náà la ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ yìí bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ọjọ́ owó má yẹ̀

Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ojú ti máa rí i. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù dára ju ọjọ́ tó gbẹ̀yìn lọ: bí nẹ́tíwọọ̀kì báńkì bá dàrú, ẹ ṣì ní ọjọ́ méjì láti fi tún un ṣe kí onílé tó kan ilẹ̀kùn òṣìṣẹ́.

Ohun tó sábà máa ń ba ọjọ́ owó jẹ́ ni pé àpò kan náà ni ọ̀gá fi ń ra ọjà, tó fi ń san owó iléèwé ọmọ, tó tún fi ń sanwó oṣù. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún owó òṣìṣẹ́ nìkan. Ká ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà lẹ ní, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gba ₦80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦480,000. Bí ẹ bá ń ṣí ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 lóṣù, ₦20,000 lẹ gbọ́dọ̀ máa fi sínú àkáǹtì yẹn lójoojúmọ́, nírọ̀lẹ́, kí ẹ tó ka èrè. Ọjọ́ tí ọjà ò bá tà dé iye yẹn, ẹ kọ gbèsè rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ san án padà láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Bí gbèsè yìí bá di ti ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ ti mọ̀ ní ìdajì oṣù pé owó ò ní pé, kì í ṣe ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Bí owó bá máa pẹ́ lóòótọ́, ẹ sọ ọ́ ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ dá ọjọ́ tuntun, kí ẹ sì san ìdajì fún gbogbo ènìyàn dípò kí ẹ san odindi fún àwọn kan. Bí kò bá tó ìdajì, ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni kó kọ́kọ́ gbà. Ọ̀gá tó bá sá, tí kò gbé fóònù, tó tún wá wọ aṣọ tuntun dé lọ́jọ́ kejì, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú iṣẹ́ oṣù mẹ́fà ká.

Ní ti iye owó, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù keje 2024 sọ ₦70,000 di owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà. Òfin náà yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ₦77,000 ṣe tiwọn. Kódà bí òfin ò bá mú yín, iye yẹn ni òṣìṣẹ́ yín fi ń wọn ara rẹ̀ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí agbára yín ò bá ká a, ẹ dín wákàtí iṣẹ́ kù, kí ẹ má dín ọ̀wọ̀ kù. Ẹ sì wo owó ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù karùn-ún 2023, ẹni tó ń ti Ọbáńtokò wá sí Ìtòkú lè ti ná apá tó jọjú nínú owó rẹ̀ sójú ọ̀nà kí oṣù tó dé ìdajì. Bí ẹ bá yọ díẹ̀ nínú owó oṣù náà, tí ẹ ń san án ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé gẹ́gẹ́ bí owó ọkọ̀, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ kan lé e, ṣùgbọ́n pípẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù máa dínkù.

Bí òṣìṣẹ́ bá yáwó lọ́wọ́ yín, kó má ju owó oṣù kan lọ, kó sì san án tán kó tó yá òmíràn. Ohun tí Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà (Labour Act) wí nìyẹn, ọgbọ́n sì ni, torí ẹni tí kò rí nǹkan mú lọ sílé lọ́jọ́ owó kò lè mú orí yá wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé ojú kan

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kìíní ló yẹ. Ojú ìwé kan ti tó, lédè Yorùbá bí èyí bá yé e jù. Kí orúkọ ọ̀gá àti ti òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, irú iṣẹ́, iye owó àti ọjọ́ tó ń wọlé, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá ṣàìsàn, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kìíní máa fi sọ fún ẹnì kejì bí iṣẹ́ bá fẹ́ parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni apá tó sọ irú iṣẹ́. Wọ́n á kọ ọ́ pé “kó máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé fún un dáadáa.” Kò sí ẹni tó lè mọ̀ bóyá òun ti ṣe ìyẹn. Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí. Fún ọmọ iṣẹ́ aláró: kó fi omi lásán rin aṣọ kó tó wọ inú aró; kó ṣan án títí omi á fi mọ́; kó sá a síbi òjìji; kó tú okùn àdìrẹ oníko láìjẹ́ kí aṣọ ya. Fún ẹni tó wà nídìí owó ní búkà: kó kọ gbogbo owó tó wọlé, àti kaàṣì àti èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, kó ka owó lójú ẹlòmíràn ní aago mẹ́fà, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fi ń wọn òun lè fi ọkàn balẹ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́, kó mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Ibẹ̀ ni orí yíyá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun

Ẹ fi í sábẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí gbogbo ènìyàn bá ń rán ẹni tuntun níṣẹ́, tí èyí ní kó ra omi, tí ìyẹn ní kó gbálẹ̀, kò ní kọ́ iṣẹ́ tó wá ṣe, ọ̀lẹ sì ni wọ́n máa pè é. Ẹ fi ibi tó máa gbé báàgì sí, ibi tó ti máa jẹun àti ilé ìyàgbẹ́ hàn án ní ọjọ́ kìíní. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ẹ pè é, kí ẹ bi í pé: “Kí ni kò tíì yé ọ?” Ẹ má bi í pé “Ṣé ó yé ọ?” Bẹ́ẹ̀ ni ló máa dáhùn, torí ojú ń tì í.

Ìgbésẹ̀ kẹta: irinṣẹ́ àti ààbò

A kì í ka èyí mọ́ kóríyá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an wà nínú rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn tó lè mú orí ẹni tí kọ́sítíìkì, kẹ́míkà líle tí wọ́n fi ń po aró, ń jẹ lọ́wọ́ yá. Ní ibùdó aláró, kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ìbomú àti gíláàsì ojú sì wà fún ẹni tó ń po aró. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nínú ike, kí wọ́n wá máa da kọ́sítíìkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, ó lè hó, kó ta síni lójú. Bí ó bá ta síni lára, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú ogún, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn. Ní búkà àti ilé búrẹ́dì, àtẹ́gùn tó ń wọlé, omi mímu tútù àti ibi tí wọ́n lè jókòó sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ máa ń tún ọkàn ṣe ju bí ọ̀gá ṣe rò lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣẹ́jú mẹ́wàá àárọ̀

Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. “Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ilé dára?” Ọ̀gá tó bá wọlé tó jẹ́ pé “Ta ló da omi síbí?” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹnu rẹ̀ ti da ọjọ́ náà rú. Lẹ́yìn ìkíni, ẹ sọ nǹkan mẹ́ta: iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí, ẹni tó ni ín, àti ohun tó lè dí i lọ́wọ́. Bí ó bá ti ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìpàdé ló ti dà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìyìn

Ìyìn tó ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ, ó ní ohun tí ẹni náà ṣe, ó sì ní èrè tí ohun náà mú wá. Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó jáde. Kì í ṣe “Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín” nìkan, bí kò ṣe: “Ṣadé, bí o ṣe tún aṣọ oníbàárà ìjẹta kà kí wọ́n tó dì í, òun ni ò jẹ́ kí a kó yáàdì mẹ́rin tó lábàwọ́n ránṣẹ́. O ṣeun.” Bí ẹ bá mọ oríkì rẹ̀, tí ẹ pè é ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, ara rẹ̀ á ya gágá, owó ò lè ra ìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Ẹni tí ẹ bá ń yìn lójoojúmọ́ lójú àwọn yòókù, ọ̀tá lẹ ń wá fún un. Ẹ máa wo ẹ̀yìn náà, ẹni tí ń fọ ìkòkò, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ìkejì, ìyìn kì í rọ́pò owó tó tọ́ síni. Bí òṣìṣẹ́ bá ti gba iṣẹ́ ẹni méjì ṣe fún oṣù mẹ́ta, “o káre” kò tó mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìbáwí

Ibí ló ṣòro jù, ibẹ̀ náà ló sì ń lé òṣìṣẹ́ tó dára lọ jù. Ìlànà kìíní: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú oníbàárà, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ lójú àwọn tí òṣìṣẹ́ náà ń darí. Ìlànà kejì: ẹ wádìí kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín. Ṣé wọ́n ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà? Ṣé ohun tó máa fi ṣe é wà, ó sì péye? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ ṣe é? Inú méjì àkọ́kọ́ ni àṣìṣe sábà máa ń wà.

Ẹ wo aṣọ àdìrẹ tó jáde pẹ̀lú àbàwọ́n, tí aró mú níbì kan tí kò mú níbòmíràn. Ọ̀gá lè pariwo pé ọmọ iṣẹ́ ò fọkàn sí i. Ó lè jẹ́ pé gbígbẹ ni aṣọ wọ inú aró. Ó lè jẹ́ pé aṣọ pọ̀ jù nínú ike kan. Ó sì lè jẹ́ háídírọ̀, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró kó lè yọ́, ni wọ́n fi sílẹ̀ láìdé: bí atẹ́gùn tó ní ọ̀rinrin bá ti ń wọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ ń lọ, aró ò sì ní yọ́ dáadáa. Ta ló ra háídírọ̀, ta ló ni ike tí kò ní ọmọrí? Ìwọ̀n tí kò sí lórí ògiri, ọ̀gá ló ni ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: omi lítà mélòó, síbí mélòó, ìṣẹ́jú mélòó.

Bí ó bá wá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló jẹ̀bi, ẹ sọ ohun tó ṣe, ohun tó bàjẹ́, àti ohun tí ẹ fẹ́ kó yí padà. Ẹ má kan ìyá rẹ̀, ẹ má kan ìlú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìkìlọ̀ ẹnu ni àkọ́kọ́, ìwé ni ìkejì, ìwé tó gbẹ̀yìn ni ìkẹta. Ẹ kọ ọjọ́ sí gbogbo wọn.

Ẹ má gé owó rẹ̀ dí aṣọ tó bàjẹ́. Òfin Iṣẹ́ kò fún ọ̀gá ní àṣẹ láti dá irú owó bẹ́ẹ̀ gé fúnra rẹ̀. Àfi kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fọwọ́ sí i ní kíkọ, nígbà tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kò bìkítà. Yàtọ̀ sí òfin, gígé owó ń kọ́ òṣìṣẹ́ láti máa fi àṣìṣe pamọ́. Aṣọ tó bàjẹ́ á di èyí tí wọ́n ká sísàlẹ̀ òkìtì, oníbàárà ni yóò sì rí i.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó dàgbà ju ọ̀gá lọ gba sùúrù púpọ̀. Ní Ìtòkú, ìyá tó mọ aró ju ẹnikẹ́ni lọ lè jẹ́ ẹgbẹ́ ìyá yín. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ pè é ní ìyá tàbí orúkọ ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ sọ́nà, ẹ lọ bá a níbi tó jókòó sí, ẹ má ránṣẹ́ pè é. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Oníbàárà dá aṣọ mẹ́ta padà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n ní aró ń ṣí. Níbo lẹ rò pé ó ti ń wá?” Ó ṣeé ṣe kó sọ àṣìṣe náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ò ní kí ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ìlànà tó wà lórí ògiri mú gbogbo ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹbí nínú iṣẹ́

Kò sí ohun tó ń yára pa kóríyá bí àbúrò ọ̀gá tó ń dé ní aago mọ́kànlá, tó ń mú owó nínú dúrọ́ọ̀, tó tún ń pàṣẹ. Bí ẹbí bá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí òun náà ní ìwé ojú kan, owó oṣù, wákàtí àti ẹni tó ń darí rẹ̀, kí ẹni yẹn má sì jẹ́ ẹ̀yin bó bá ṣeé ṣe. Ẹ sọ fún àbúrò náà nílé, lójú ìyá yín bó bá gbà bẹ́ẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ gbọ́wọ́ sí iṣẹ́ nígbà tí ó bá le, bíi ìparí ọdún tí aṣọ ẹbí pọ̀. Ìtàn Ẹ̀gbá sọ ọ́ nípa Líṣàbí Àgbòǹgbò-Àkàlà pé ó ti ṣe àáró lóko àwọn ẹlòmíràn tọkàntọkàn kó tó bẹ àwọn náà pé kí wọ́n wá bá òun gbé ogun ko àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn aṣojú Aláàfin Ọ̀yọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, wọ́n dìde. Wákàtí méjì tí ẹ bá fi bá wọn sá aṣọ lọ́jọ́ tó le máa ń pẹ́ lọ́kàn wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ìjókòó ẹni kọ̀ọ̀kan

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yin àti òṣìṣẹ́ kan, fóònù nílẹ̀. Kí ló ń dí ọ lọ́wọ́? Kí lo fẹ́ kọ́? Kí ni ká dẹ́kun rẹ̀ níbí? Ẹ dákẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ẹ kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe nínú ohun tó sọ, ẹ ṣe é kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ì báà ṣe gílóòbù tó kú. Bí ẹ bá ń béèrè tí ẹ kò ṣe nǹkan kan, ẹ má tún béèrè mọ́. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ìsinmi, àìsàn, ìbímọ, òkú

Òfin sọ èyí tó kéré jù: ìsinmi wákàtí kan fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, odindi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú owó lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún fún àìsàn tí dókítà jẹ́rìí sí. Obìnrin tó bímọ ní ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, àti ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú nígbà tó bá padà. Bí òṣìṣẹ́ yín bá tó 15, owó ìfẹ̀yìntì di dandan: 10% láti ọwọ́ ọ̀gá, 8% láti ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ohun tí òfin ò kọ ni kí ẹ yọjú síbi ìkómọ, kí ẹ sì lọ kí ẹni tí òkú ṣẹ̀. Bí ẹ kò bá lè lọ, ẹ rán ẹnì kan pẹ̀lú apoowé. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ kò ránṣẹ́ sí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú kì í gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: owó lérè, àti àkókò òjò

Sísan owó ní iye yáàdì máa ń yá iṣẹ́, ó sì máa ń ba iṣẹ́ jẹ́: òṣìṣẹ́ á yọ aṣọ nínú aró kí àkókò tó pé. Ohun tó sàn ni owó oṣù tó dúró, kí ẹ wá fi àjẹmọ́nú lé e fún gbogbo ilé-iṣẹ́ papọ̀. Àpẹẹrẹ: bí aṣọ tí oníbàárà dá padà lóṣù kò bá ju méjì lọ, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ₦5,000 lé owó rẹ̀. Iye náà kò ní láti pọ̀, ṣùgbọ́n kí gbogbo ènìyàn lè ka ìdá padà náà fúnra wọn lórí pátákó.

Lákòókò òjò, tí aṣọ ò gbẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn jókòó, ẹ má sì lé wọn sílé láìsanwó láìsọ. Ẹ ti kọ iṣẹ́ abẹ́ òrùlé sílẹ̀ ṣáájú: dídì oníko, fífi ìyẹ́ kọ ẹ̀kọ sára aṣọ ẹlẹ́kọ, kíka ọjà, yíya àwòrán fún títà lórí WhatsApp. Àkókò yìí náà ni kí ẹ kọ́ wọn níṣẹ́ tí wọn ò mọ̀. Ọ̀gá kan lè máa bẹ̀rù pé bí òun bá kọ́ wọn tán, wọ́n á lọ. Ẹni tí kò rí nǹkan kọ́ ló ń tètè lọ.

Nígbà tí ẹnì kan bá ń lọ

Iye ọjọ́ tí òfin ní kí ẹnì kìíní fi sọ fún ẹnì kejì kí iṣẹ́ tó parí ni ọjọ́ kan fún ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti ju ìyẹn lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì bó bá ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún sókè. Ẹ san gbogbo ohun tó kù fún un ní ọjọ́ tó bá lọ, lójú àwọn yòókù bó bá gbà. Àwọn tó kù ń wò ó, ọ̀nà tí ẹ gbà tú u sílẹ̀ ni wọ́n fi máa mọ bí tiwọn náà ṣe máa rí.

Kó tó jáde, ẹ bi í pé kí ni ì bá mú un dúró. Ẹ má jà á níyàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ìdáhùn kan náà bá ti ẹnu ènìyàn mẹ́ta jáde láàárín ọdún kan, ẹ tún ibẹ̀ ṣe kí ẹ tó gba ẹlòmíràn.